Bí Wọ́n Bá Dín Owó Orí Lórí Owó-Oṣù Kù ní Ìjẹ̀bú, Ọwọ́ Ta Ni Èrè Rẹ̀ Yóò Bọ́ Sí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yà síbí láti kàwé, ó tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan kẹ́yìn. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú yín wá kí mi nílé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ilé búrẹ́dì kan, ogún òṣìṣẹ́ ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ó gbé búrẹ́dì mẹ́ta wá fún mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó wá fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Prof," ó ní, "àwa oníṣòwò fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba. A fẹ́ kí wọ́n dín gbogbo owó tí wọ́n ń gbà lórí owó-oṣù kù fún àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú, torí pé àwa ò sí ní Èkó. A ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá ṣe é, a óò gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá fún yín ná. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé bí owó orí lórí iṣẹ́ bá wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ á gba èèyàn sí i, sà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sójú pátákó, ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní ibi tí wọ́n ti pàdé ni iye òṣìṣẹ́ wà. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun tó kù níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn kì í ṣe eré. Kí obìnrin náà tó dìde, ó sọ fún mi pé bí nǹkan ò bá yí padà, òun máa ní kí ẹni mẹ́ta nínú ogún yẹn máa lọ sílé.

Owó wo gan-an là ń sọ?

Owó tó ń jáde lórí owó-oṣù pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀.

Èkíní ni èyí tó ń ti àpò òṣìṣẹ́ jáde. PAYE wà nínú rẹ̀, ìyẹn owó orí tí ọ̀gá ń yọ lára owó-oṣù, tó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí òṣìṣẹ́ ń fi sí pẹ́ńṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Nínú méjèèjì, ọ̀gá kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni. Owó rẹ̀ kọ́.

Èkejì ni èyí tó ń ti àpò ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san náírà 10 lórí ọgọ́rùn-ún. NSITF, tó wà fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ń gba náírà 1 lórí ọgọ́rùn-ún lábẹ́ òfin ọdún 2010. ITF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 láti máa kọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́, ń gba náírà 1 mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí ọjà tó ń tà lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì yẹn ṣírò. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ogún òṣìṣẹ́ náà ń gba ₦80,000 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,600,000. Bí a bá ṣírò lórí gbogbo rẹ̀, pẹ́ńṣọ̀n ọ̀gá jẹ́ ₦160,000, NSITF jẹ́ ₦16,000, ITF náà jẹ́ ₦16,000 bí a bá pín ti ọdún sí oṣù méjìlá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦192,000 lóṣù.

PAYE ńkọ́? Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ní ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Ẹni tó ń gba ₦80,000 lóṣù ń gba ₦960,000 lọ́dún. Ẹ yọ pẹ́ńṣọ̀n tirẹ̀, ₦76,800, ó ku ₦883,200. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦83,200, náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ₦12,480 fún ọdún kan gbáko. Bó bá ń san owó ilé, ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà tún ń yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, nítorí náà ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé lórí òṣìṣẹ́ kékeré, PAYE kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè dín.

Pẹ́ńṣọ̀n wá ló tóbi jù nínú owó ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣé owó orí ni pẹ́ńṣọ̀n? Rárá o. Owó òṣìṣẹ́ ni, tí wọ́n bá a pa mọ́ di ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dín in kù ń ní kí wọ́n mú oúnjẹ alẹ́ ẹlòmíràn ṣe oúnjẹ ọ̀sán tirẹ̀. Èmi tí mo ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tó kù tí ìjọba lè dín láìfi ọwọ́ kan ogbó ẹnikẹ́ni ni náírà méjì NSITF àti ITF. Lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì wa, ₦32,000 lóṣù ni. Mo ní kó gba báírò, kó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun kan á gba ₦80,000, pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ á jẹ́ ₦8,000. Kí ₦88,000 tó lè ti inú ìdínkù yẹn jáde, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ní òṣìṣẹ́ 55. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Prof, ilé búrẹ́dì wo ló ní èèyàn 55 ní Ìjẹ̀bú?"

Ohun tí oníbodè ti kọ́ wa

Ká tilẹ̀ ní owó náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí? Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú ló yẹ ká mọ ìdáhùn, nítorí àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ ibodè.

Kí ogun Ìmàgbọn tó wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà tó ti etí ọ̀sà lọ sí òkè wà. Ọjà ń gba Èjìnrìn kọjá, ọ̀nà ní ibodè, ẹni tó bá ru ẹrù dé ibodè á san owó kó tó kọjá. Ta ló san án? Ẹni tó bá kàn ń wò láti òkèèrè á ní aláàárù ló san án, tàbí oníṣòwò tó rán an. Ọwọ́ wọn lowó ti jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ra iyọ̀ àti aṣọ ní òkè kò bá ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i, oníṣòwò á fi owó ibodè kún iye ọjà, àwọn olùrà ló san án nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ elépo ni kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbé epo rẹ̀ gbà, oníṣòwò á yọ ọ́ nínú owó tó máa fún àgbẹ̀. Ẹni tí kò rọrùn fún láti yà sí ọ̀nà mìíràn ló ń ru owó ibodè, ẹni yòówù kó fi ọwọ́ rẹ̀ kà á fún oníbodè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí wọ́n bá dín owó náà kù. Kì í ṣe ẹni tí òfin dárúkọ ló máa jẹ èrè rẹ̀. Bí owó orí lórí owó-oṣù bá wálẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọwọ́ ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ dúró sí. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó mọ ààrò búrẹ́dì jù nínú ilé á gbọ́ pé ilé búrẹ́dì kejì náà gba ìdínkù yẹn, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọṣẹ́. Á ní kí ọ̀gá fi nǹkan kún owó òun. Ọ̀gá á fi kún un, torí ẹni tó mọṣẹ́ kì í pọ̀. Apá kan nínú owó orí náà ti di owó-oṣù nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò jalè, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì gba ẹnì kan ṣoṣo síṣẹ́.

Àwọn tó ti dán an wò

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe ohun tí lẹ́tà yẹn ń bèèrè, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè òtútù ní àríwá Yúróòpù ló ṣe é jù. Ìṣòro wọn jọ tiwa lọ́nà kan: àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìlú kéékèèké sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá.

Ní Nọ́wè, láti 1975 ni wọ́n ti pín orílẹ̀-èdè náà sí ẹkùn-ẹkùn. Ní Oslo, ọ̀gá ń san owó orí 14.1 lórí ọgọ́rùn-ún owó-oṣù. Ní Finnmark àti àríwá Troms, lókè téńté níbi tí oòrùn kì í ti í yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù, ọ̀gá kò san kọ́bọ̀ láti 1990. Ohun tí wọ́n ń fi èyí wá ni kí àwọn èèyàn lè máa gbé ibẹ̀.

Ní Fínlándì, wọ́n ṣe tiwọn bí ìdánwò. Ní ọdún 2003, wọ́n dín owó tí àwọn ọ̀gá ń san lórí owó-oṣù kù ní 3 sí 6 lórí ọgọ́rùn-ún, fún ọdún mẹ́ta, ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní Lapland. Korkeamäki àti Uusitalo fi wọ́n wé àwọn agbègbè tó jọ wọ́n tí kò rí ìdínkù gbà. Wọ́n rí i pé owó-oṣù òṣìṣẹ́ gòkè, ó sì gbé nǹkan bí ìdajì ìdínkù náà mì. Ìdajì tó kù kò mú kí iye òṣìṣẹ́ yí padà tó ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Swídìn ṣe tiwọn ní 2002. Tiwọn tóbi, 10 lórí ọgọ́rùn-ún, fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àwọn agbègbè tó jìnnà ní àríwá. Bennmarker, Mellander àti Öckert ló yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò gba èèyàn sí i, ṣùgbọ́n owó-oṣù gòkè díẹ̀. Ẹ wá gbọ́ apá tó dùn mọ́ mi jù: nígbà tí wọ́n ka àwọn ilé iṣẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àti àwọn tó kógbá wọlé mọ́ ọn, ìṣírò náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sí apá rere. Ó jọ pé ìdínkù náà ran ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ju ẹni tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Ìdí kìíní, wọn kì í gba òṣìṣẹ́ nítorí pé owó ṣẹ́kù. Wọ́n ń gbà á nítorí pé iṣẹ́ wà tí kò rí ẹni ṣe é. Bí búrẹ́dì 500 bá ni Ìjẹ̀bú ń rà lọ́wọ́ rẹ lójúmọ́, ìdínkù owó orí kò sọ ọ́ di 600.

Ìdí kejì, iye tí owó-oṣù jẹ́ nínú ìnáwó yàtọ̀ láti iṣẹ́ kan sí èkejì. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, owó-oṣù olùkọ́ ló ń gbé ìnáwó rẹ̀ lọ. Ilé ìránṣọ náà súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì, fúláwà, ṣúgà àti iná ló ń pa á. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì. Owó dísẹ́ẹ̀lì oṣù kan ju gbogbo NSITF àti ITF ọdún kan lọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ti ń wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun ò gbé wọn síra rí.

Ìdí kẹta, òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà fún ọdún mẹ́ta. Bí ìdínkù bá ní ọjọ́ tí yóò parí, ọlọ́gbọ́n ọ̀gá kò ní tìtorí rẹ̀ gba ẹni tí yóò ní láti lé lọ lọ́la.

Ta ló ní ọ̀bẹ, ta ló ní iṣu?

Lẹ́tà yẹn, Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an ló ti kọ́kọ́ ṣìnà. NSITF àti ITF, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin kan náà ló de Ìjẹ̀bú àti Ìkẹjà. PAYE ni ìpínlẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ìwé òfin ọdún 1999 fi òfin ṣíṣe lórí owó orí owó tó ń wọlé fún èèyàn sí ọwọ́ àwọn aṣòfin Àbújá. Ìpínlẹ̀ ń gba PAYE, kì í ṣe òun ló ń sọ iye tó máa jẹ́. Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá dé gbọ̀ngàn wa lọ́dún ìbò, tó ní òun máa dín owó orí owó-oṣù kù fún Ìjẹ̀bú, ẹ rọra bi í pé, "Èwo nínú wọn, sà?"

Ohun kan tún wà tó yà wá sọ́tọ̀ sí àwọn ará Nọ́wè. Níbẹ̀, ibi tí ilé iṣẹ́ wà ni wọ́n ń wò. Níbí, PAYE ń tẹ̀ lé ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Àgbárá tàbí Ọ̀tà, ṣùgbọ́n tó ń gbé ní Èkó, Èkó ni PAYE rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó ń gbé ní Mowé, Ibafo tàbí Àkúté, tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, Ògùn ló ni tirẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀gá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ san PAYE rẹ̀ fún Ògùn. Bí a bá tilẹ̀ rí agbára dín PAYE kù ní ẹkùn kan, àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló máa kàn, kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: a lè dín owó orí kù ní Àkúté kí àǹfààní rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Ìkẹjà.

Kí ni ká wá bèèrè?

Mi ò sọ pé ìdínkù náà kò wúlò. Bó bá di owó-oṣù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ Ìjẹ̀bú, nǹkan gidi nìyẹn. Ọmọ tó ń gba owó tó nítumọ̀ nílé kò ní yára gbé báàgì lọ sí Èkó. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá ní Finnmark. Ohun tí mo kọ̀ ni ìlérí inú lẹ́tà náà. Bí a bá ní "ẹ fún wa, a óò gba ọ̀dọ́ síṣẹ́", tí wọ́n sì fún wa, ní ọdún kejì ìjọba á wá ka orí àwọn ọ̀dọ́ náà. Bí wọn ò bá rí wọn, a ti ba orúkọ ara wa jẹ́, ẹni tó bá wá bèèrè ohun tó ṣe kókó lẹ́yìn wa, wọn ò ní gbà á gbọ́.

Nítorí náà, a pa lẹ́tà yẹn tì, a sì kọ òmíràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Èkíní, sí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀: owó tó wà ní ìkáwọ́ yín gan-an, owó pátákó, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ akẹ́rù, owó ìwé àṣẹ, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ojú kan, pẹ̀lú rìsíìtì kan, kó sì má kọjá ohun tó wà nínú ìwé òfin ọdún 1998 tó to orúkọ owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà.

Èkejì, sí ITF: òfin gbà kí ilé iṣẹ́ tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ gba títí dé ìdajì owó rẹ̀ padà. Ẹ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ fi bí a ṣe ń bèèrè rẹ̀ hàn wá. Obìnrin yìí ti ń san án láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹta, bí ìrànlọ́wọ́ ẹkùn kankan bá máa wà, kí ó wà fún ẹni tó ń ṣí iṣẹ́ tuntun, kí iná àti ọ̀nà sì ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Swídìn nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ẹni mẹ́ta yẹn. Mi ò lè fi lẹ́tà dá wọn dúró, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tó ń lé wọn lọ ni dísẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe owó orí. Ó ní òun máa gbìyànjú láti yí àkókò tí àwọn fi ń dáná padà sí wákàtí tí iná ìjọba máa ń wà, kí òun wo bí oṣù kan ṣe máa rí kí òun tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní kó wá sọ fún mi bó bá ṣe rí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi láyé ọjọ́un, ìlà méjì tí mo fà yẹn ṣì dúró. Ẹ kàn bá mi fi ìbéèrè kan sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí mi ò kọ síbẹ̀ nígbà náà: ta ni kò rọrùn fún láti yà sí ọ̀nà mìíràn? Ibi tí ẹ bá ti rí ẹni náà, ibẹ̀ ni ẹrù owó orí wà, ibẹ̀ náà ni èrè ìdínkù rẹ̀ ò ní jìnnà sí.

Búrẹ́dì rẹ̀ dùn, ẹ má fi mí ṣeré. Ó dìgbà kan ná.